Wọ́n Ń Borí Zahiyye ní Limassol

Ayn-Joz,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá.

Rindala, ọmọ Fadlo, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ṣé ò ń jẹun? Ṣé òtútù ò tíì bẹ̀rẹ̀ ní Kípírù yín níbẹ̀? Níbí, a ti ṣa àsálà tán, a ti se ọtí áràkì tọdún yìí, orúnkún mi ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì ò tíì sọ nǹkan kan.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Fadá Boulos ní kí òun bá mi kọ ọ́, mo ní rárá, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yẹ kí Fadá gbọ́. Ìwé kẹta ni mo kà lọ́dọ̀ àwọn Sístà kí wọ́n tó ní kí n wá máa ká ólífì, ó sì tó mi láti fi bínú. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Ẹni tó bá ń bínú lórí fóònù níbí, iná á lọ láàrin ìbínú rẹ̀, ìyókù á sì kù sí i nínú.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Tanios onítakisí lọ síbi ìrìbọmi ọmọ àbúrò ìyàwó rẹ̀ ní Limassol. Ó ní òun yà sí ilé ọtí Pambos, níbi tí o gbé tábìlì tí o ṣe sí. Ó ní tíréè bàbà wà lórí rẹ̀, àwọn ife kọfí dojú dé, òrùka wà lábẹ́ ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta péré lèèyàn lè ṣí ife láti wá a, bí a ṣe ń ṣe é níbí nígbà òtútù. Èyí ò burú. Ó ní tábìlì náà ń sọ̀rọ̀. Èyí náà ò burú, ayé ti yí padà. Ó ní ohùn mi ni.

Rindala, nígbà tí o wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí o gbé nǹkan kékeré tó ń gba ohùn yẹn kalẹ̀ nínú ilé ìdáná mi, tí o ní, "Ìyá Àgbà, ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹ ṣe ń fi àwọn tó ń wá òrùka ṣe yẹ̀yẹ́," mo rò pé o fẹ́ máa gbọ́ ohùn mi bí àárò bá sọ ọ́ ni.

Tanios ní òun ṣí ife kan, ohùn mi ní, "Ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n bí ọwọ́ olè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́." Ó ṣí òmíràn, mo ní, "Bí ìyá ẹ náà ṣe ń wá a nìyẹn, kò rí i." Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń dùn mọ́ mi, mo tún bu kọfí kún tirẹ̀. Ó wá ní òun ṣí ìkẹta, òrùka sì ń bẹ níbẹ̀, ohùn mi sì ní, "Ó tán. O ti borí mi."

Mo gba kọfí mi lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ, kò sí ẹni tó rí òrùka tí mo bá fi pamọ́. Gbogbo Ayn-Joz mọ̀ pé ọ̀ta ni mí nídìí tíréè. Tanios ti lọ ròyìn ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Mountaha, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, tó jẹ́ òpè láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, rẹ́rìn-ín títí ó fi wá òkúta jókòó lé. Ó ní, "Ìyá Fadlo, wọ́n ní o ti ń fìdí rẹmi lókè òkun! Nígbà wo lo gba ìwé ìrìnnà?"

Mú un kúrò. Má jẹ́ kí n fìdí rẹmi mọ́. Mo fi àsálà rán ẹni tó ń bọ̀. Jẹ ẹ́. Ìbínú mi ò kan ebi rẹ.

Èmi, Zahiyye, ìyá bàbá rẹ.


Limassol,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹwàá.

Ìyá Àgbà mi,

Mo fẹnu ko ọwọ́ yín. Ẹ kú iṣẹ́ àsálà, ẹ kú ìrora orúnkún. Ìpara tí mo fi ránṣẹ́, alẹ́ ni kí ẹ máa fi pa á, ẹ má sì fún Màmá Mountaha nínú rẹ̀, kí ó má bàa tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ àlàyé mi. Pambos tó ni ilé ọtí yìí rí i pé àwọn èèyàn ń wá, wọ́n ń jókòó, kálukú ń wo fóònù rẹ̀, wọ́n á mu tiwọn tán, wọ́n á lọ. Ó ní kí n ṣe nǹkan tí àwọn tí kò mọ ara wọn rí á fi máa bára wọn sọ̀rọ̀. Tíréè yín ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ṣe é lọ́nà pé eré náà kì í bẹ̀rẹ̀ àfi tí àwọn tó wá láti tábìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá jọ gbé ọwọ́ lé etí tíréè. Òòfà ló ń gbé òrùka kiri lábẹ́, ẹni tó bá sì rí i ti borí àwọn tí wọ́n jọ ń wá a. Ohùn yín ló ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Wọ́n fẹ́ràn yín gan-an. Àwọn tí kò gbọ́ èdè wa pàápàá máa ń yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé, "Kí ni màmá yẹn pè mí?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n eré tí èèyàn ò lè borí nínú ẹ̀, ta ló máa jókòó tì í? Dandan ni kí wọ́n rí òrùka nígbà mìíràn. Pambos ti ní títí di àríyá Kánífà ni òun fún mi, kí Lẹ́ńtì tó wọlé. Bí tábìlì yìí ò bá kó èrò jọ títí di ìgbà yẹn, yóò gbé e síta, yóò fi tábìlì bọ́ọ̀lù rọ́pò rẹ̀, èmi náà á sì padà sídìí iṣẹ́ dídá àwọn tí fìríìjì wọn bàjẹ́ lóhùn lórí fóònù. Ẹ mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe sọ mí dà.

Ní ti "O ti borí mi," ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Èkúté tó wà nínú àpò àlìkámà lẹ sọ ọ́ fún.

Ọmọ yín, Rindala.


Ayn-Joz,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kọkànlá.

Rindala,

Mo kí ọ. Orúnkún òsì ti dara pọ̀ mọ́ ọ̀tún.

Èkúté yẹn kò borí mi. Ọjọ́ kejì tí o lọ ni mo mú un. Ẹni tó bá fẹ́ gba ohùn àgbàlagbà sílẹ̀, kí ó dúró gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀.

O ní wọ́n fẹ́ràn mi. Ta ló bẹ̀ wọ́n? Kí wọ́n wá òrùka, kí wọ́n má rí i, kí wọ́n máa lọ sílé. Bàbá àgbà rẹ wá òrùka mi ní gbogbo ìgbà òtútù tí a fi gbé pọ̀, kò rí i lẹ́ẹ̀kan. Ó bọ̀wọ̀ fún mi títí ó fi kú.

Bí èrò ò bá pọ̀ ní ìdí tábìlì rẹ, ohun tó fà á ni pé o yọ dúdú ìdí ìkòkò kúrò, èyí tí a fi ń kun irùngbọ̀n fún ẹni tó bá fìdí rẹmi. Ta ni yóò jáde nílé ní òtútù bí kò bá sí ojú ẹnìkan tí wọ́n máa kùn ní dúdú? Dá a padà.

Ṣùgbọ́n tèmi kọ́kọ́ ná. Yálà kí n má fìdí rẹmi mọ́, tàbí kí o yọ ohùn mi kúrò pátápátá. Títí o ó fi ṣe ọ̀kan, má retí lẹ́tà. Bí mo bá kú, wọ́n á sọ fún ọ. Bí wọn ò bá sọ nǹkan kan, mò ń bínú ni.

Zahiyye.


Limassol,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kọkànlá.

Ìyá Àgbà mi,

Ẹ kú òtútù. Mo gbọ́ pé yìnyín ti bo orí òkè.

Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹnikẹ́ni ò rí òrùka yín. Lọ́jọ́ kìíní wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú mi. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù ní èbúté dojú tábìlì dé láti mọ̀ bóyá òrùka tilẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó tún jókòó tì í. Pambos pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Rindala, ìyá àgbà ẹ ń lé oníbàárà mi láti ìlú mìíràn."

Mo fi dúdú ìkòkò sí i náà. Òṣìṣẹ́ báńkì kan ló kọ́kọ́ kàn. Ó fọ̀ ọ́, kò lọ. Ó ní ìpàdé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ti yọ ọ́.

Mo ní láti dá a padà sí bó ṣe wà, kí wọ́n máa rí i nígbà mìíràn. Kánífà ò jìnnà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní èsì. Tanios ní ara yín le. Ó ní ẹ̀yin lẹ ní kí òun sọ pé ẹ ò sí nílé.

Rindala.


Limassol,
Ogúnjọ́, oṣù Kejìlá.

Ìyá Àgbà mi,

Ẹ kú ọdún Kérésìmesì o. Mi ò rí lẹ́tà kankan gbà.

Mo ti yọ ohùn yín. Mi ò lè máa fi tipátipá mú kí ìyá bàbá mi fìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí tábìlì náà yadi, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo ibi ìfọwọ́. Ẹnì kan gbé jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lé e.

Tanios wá fi fóònù rẹ̀ gba ohùn kan ránṣẹ́ sí mi. Màmá Mountaha ti gbọ́ pé mo nílò ohùn. Ó ní màmá jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ títí agbára fóònù fi tán. Mo ti fi sínú tábìlì. Mi ò tilẹ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó sọ ti ìfìdírẹmi, oríṣiríṣi ni wọ́n fúnra wọn sọ: "Ó tún borí mi! Ọlọ́run ṣọ́ ojú ẹ fún ẹ!" "Yéè, wọ́n ti tún mú mi!" Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, èrò ti ń wá díẹ̀díẹ̀.

Mo rò pé ọkàn yín á balẹ̀ báyìí. Orúkọ yín ti kúrò níbẹ̀.

Rindala.


Ayn-Joz,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejìlá.

Rindala,

Mo kí ọ, mo kí ọ. Ìjẹta ni lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á. Mo tún un kà. Mo jókòó.

Mountaha! Nínú gbogbo obìnrin tó wà lórí òkè yìí!

Ìsinsìnyí ni mo wá mọ ìdí tó fi ń rìn bí ẹni tí bíṣọ́ọ̀bù bẹ̀ wò. Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé, "Wọ́n tún borí mi lánàá ní Kípírù! Ará Rọ́ṣíà kan wà níbẹ̀!"

Mo ní, "Mountaha, ojú ò tì ẹ́?"

Ó ní, "Ìtìjú bí ti báwo? Ìwọ, ta ló mọ̀ ẹ́ kọjá Ayn-Joz?"

Mo ní, "Wọ́n mọ̀ mí kí wọ́n tó mọ̀ ẹ́. Ìjókòó mi lo jókòó lé."

Ó ní, "O dìde fúnra ẹ, Ìyá Fadlo. Ìjókòó ń tutù."

Fadá Boulos ní ká wọlé, pé a ti ń bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀.

Mú un kúrò níbẹ̀. Dá mi padà. Kí ọ̀ta fìdí rẹmi dára ju kí òpè máa fi ìfìdírẹmi ṣe fáàrí lọ. Mo ti gbà pé kí wọ́n máa rí òrùka nígbà mìíràn. Nígbà mìíràn ni mo sọ.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó ń dùn mí gan-an. Níbí, ẹni tó bá fìdí rẹmi lálẹ́ òní ló ń gbàlejò lálẹ́ ọ̀la. Kì í ṣe pé o ò mọ̀. Ilé àwọn tí mo borí lo ti jẹun dàgbà. O gbé tíréè lọ, o gbé ife lọ, o gbé ẹnu mi lọ, o fi èyí sílẹ̀. O wá sọ mí di obìnrin tó ń fìdí rẹmi lójoojúmọ́ tí kò sì bu oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni. A ò mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ nínú ìdílé wa.

Nítorí náà mo ti sọ̀rọ̀ sínú fóònù Tanios. Ẹnikẹ́ni tó bá rí òrùka mi, èyí ni kí ó gbọ́: "Èmi Zahiyye ti Ayn-Joz ni mo fìdí rẹmi, oúnjẹ alẹ́ rẹ wà lọ́wọ́ mi. Ilé tó ní ilẹ̀kùn búlúù lẹ́yìn ìsun omi ni. Máa bọ̀." Má gé ohunkóhun kúrò níbẹ̀.

Zahiyye.


Limassol,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kìíní.

Ìyá Àgbà mi,

Mo fẹnu ko ọwọ́ yín méjèèjì. Ẹ kú ọdún tuntun.

Ẹ ti padà sórí tíréè. Màmá Mountaha bínú sí mi. Mo bẹ̀ wọ́n, àwọn ló ń kí èèyàn káàbọ̀ báyìí tí wọ́n bá gbé ọwọ́ lé e. Mi ò gé nǹkan kan kúrò nínú ọ̀rọ̀ yín.

Alẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹnì kan rí òrùka, tí ẹ ní kó máa bọ̀ wá jẹun, gbogbo ilé ọtí ń béèrè ohun tí ẹ sọ. Ará ìlú wa kan túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ọkùnrin náà dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó ní níbo ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Ayn-Joz. Inú wọn dùn, wọ́n lu tábìlì. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó fìdí rẹmi ní ìdí tíréè lálẹ́ ọjọ́ náà sọ pé, bí màmá àgbà lókè òkun bá lè gbàlejò, àwọn náà á gbàlejò, kí àwọn tó borí àwọn padà wá lọ́la. Wọ́n padà wá lóòótọ́! Àwọn tó borí náà fìdí rẹmi lọ́jọ́ yẹn, ni wọ́n bá tún dájọ́ mìíràn. Ó ti di bẹ́ẹ̀. Mo mọ àṣà yìí láti kékeré; mo kàn rò pé kò lè bá ilé ọtí mu ni. Èmi ni mo ṣì í rò. Pambos ti sọ fún ẹni tó fẹ́ ta tábìlì bọ́ọ̀lù fún un pé kó ní sùúrù.

Ìṣòro kan wà, Ìyá Àgbà. Kò sẹ́ni tó borí yín tó Pambos. Láràárọ̀, tó bá fọ ilẹ̀ tán, á jókòó, òun nìkan, á máa bá yín ta á. Ó ní oúnjẹ òun lọ́dọ̀ yín ti pọ̀ ju kí òun fi í sílẹ̀ lọ. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ti ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń ná Tripoli lọ́dọ̀ wa níbẹ̀, ó sì gbọ́ èdè wa bí ẹni tó kọ́ ọ nídìí ìjà. Ìparí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò dé. Bí agbára yín ò bá gbé e, ẹ tètè ní kí Tanios pè mí.

Rindala.


Ayn-Joz,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kìíní.

Rindala,

Mo kí ọ. Agbára mi ò gbé e, kẹ̀? Ta lo rò pé ò ń kọ lẹ́tà sí?

Pambos dé. Ó gbé wàrà líle tìlú wọn dání àti ọsàn, bàtà rẹ̀ kún fún yìnyín. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé ìwọ ni Zahiyye?"

Mo ní, "Kọ́kọ́ bọ́ bàtà ẹ, kó o tó máa bi mí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òun ni. Ohùn yẹn gan-an ni."

Mo fún un ní ọbẹ̀ kíṣíkì tí a fi àlìkámà àti wàrà kíkan sè, ẹyin tí mo dín pẹ̀lú ẹran tí a fi ọ̀rá pamọ́, èso ìgbá tí a rì sínú òróró, àti áràkì, ife tuntun ní gbogbo ìgbà tó bá mu, bí ó ti yẹ. Ó jẹun bí ẹni tí wọ́n yọ nínú ọkọ̀ tó rì. Mountaha ti wà níbẹ̀ kí àlejò tó dé. Fadá Boulos wá. Tanios àti ìyàwó rẹ̀ jókòó, wọn ò lọ mọ́.

Nígbà tó jẹun tán, mo ní, "O ti gba tìrẹ. Ó yá, jókòó síwájú èèyàn, kó o fi òòfà sílẹ̀."

Mo lọ sí yàrá kejì, mo tò ó, mo gbé tíréè wá. Ó ṣí ìkíní. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Mountaha ní, "Pambos, fi ọwọ́ kejì wá a, ìyẹn ti kú." Ó ṣí ìkejì. Mo ní, "Ṣé bí o ṣe ń wá iyọ̀ lórí ọkọ̀ nìyẹn? Abájọ tí wọ́n fi sọ ẹ́ sílẹ̀ ní èbúté." Ó wo ojú mi. Ó rọra na ọwọ́ sí èyí tó jìnnà sí mi jù. Ó ṣí i.

Ó rí i.

Fadá Boulos bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò. Mountaha mú òrùka náà, ó fi eyín dán an wò bóyá òun gan-an ni.

Mo ní, "Kí lẹ ń wò? Ẹ gbé ìkòkò wá."

Wọ́n kun irùngbọ̀n fún mi. Mi ò fọ̀ ọ́ títí di àárọ̀, mo sì fi ra búrẹ́dì, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé Zahiyye fi ojú pamọ́. Ẹni tó fìdí rẹmi ló ń gbàlejò. Nítorí náà Pambos ò lè lọ lọ́la. Mò ń rẹ ẹ̀wà bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Zahiyye.


Limassol,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì.

Ìyá Àgbà mi,

Ẹ kú àlejò. Pambos pè mí lánàá láti ìdí sítóòfù yín. Mo ń gbọ́ ariwo ẹ̀rín lẹ́yìn rẹ̀, n kò mọ̀ pé ilé yín gba èèyàn tó bẹ́ẹ̀.

Ó ní tábìlì dúró, kò ní gbé e jáde mọ́, kódà òun fẹ́ ìkejì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo ti fi ẹ̀kún dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ó tún ní òun ti borí yín ní gbogbo alẹ́ láti ìgbà tí òun ti dé, àti pé kò bójú mu kí èèyàn kúrò nílé àgbàlagbà nígbà tó bá ń borí. Èmi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin là ń ta ọtí. Kánífà ti dé tán. A nílò rẹ̀.

Ìyá Àgbà, ẹ dákun, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ẹ̀yin tí gbogbo òkè yẹn ò rí òrùka yín. Ní gbogbo alẹ́? Ṣé ojú yín ń ríran dáadáa? Ṣé ọwọ́ yín ń gbọ̀n ni? Bàbá mi ní kí Tanios gbé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Zahlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a lọ.

Rindala.


Ayn-Joz,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejì.

Rindala,

Mo kí ọ. Sọ fún bàbá rẹ kí ó gbé ara rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ojú mi dá ṣáṣá. Láti ojú fèrèsé mi mo ń rí ohun tí Mountaha ń sè. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n.

Alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló rí i. Mi ò ní purọ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún péjọ, nítorí èmi ni mo fìdí rẹmi, a sì tan sítóòfù inú yàrá ńlá, èyí tí a ò tàn láti ìgbà tí bàbá àgbà rẹ ti kú. Yàrá náà ń gbóná dáadáa. Mo ti gbàgbé. Ẹni tó ń borí ní gbogbo ìgbà, ilé onílé ló ti ń jẹun. Á wá padà sílé, á fọ ife ẹyọ kan.

Pambos jẹ́ èèyàn dáadáa, ṣùgbọ́n òpè ni. Ife tó bá jìnnà sí mi jù ló máa ń na ọwọ́ sí gbẹ̀yìn. Afọ́jú á ti mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni mo wá ń fi òrùka sí. Ní Sátidé, ó yí ọkàn padà, ó fẹ́ ṣí ti ìtòsí. Mo ní láti wúkọ́ títí ó fi gbé ọwọ́ kúrò. Mountaha bu omi fún mi, ó tẹjú mọ́ mi, ó sì ṣẹ́jú sí mi. Òun ló mú ẹran wá lálẹ́ ọjọ́ kejì.

Má sọ fún un. Lọ́jọ́bọ̀ màá fi òrùka pamọ́ bí ó ti yẹ, kò ní rí i, yóò sì lè máa bọ̀ wá bá yín fún Kánífà.

Bí ó bá ti dé, rán ẹlòmíràn wá, nínú àwọn tí mo jẹ ní oúnjẹ. Yìnyín ṣì pọ̀ níbí. Kí ó jẹ́ ẹni tó ń jẹun dáadáa, kí ó má sì gbọ́n jù.

Èmi, Zahiyye, ọ̀ta Ayn-Joz.